Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́ de ikú lẹ́yìn tí a ti fi gbogbo ayé wa rò ó pé “kí ni wọ́n máa wí”

Ní Iléṣà, bí àgbàlagbà bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ará ilé á pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gbé àga wá láti pálọ̀, wọ́n á to ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú fíríìjì de àlejò. Aláìsàn fúnra ẹ̀ á ní kí wọ́n bá òun wá fìlà. Ó lè pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé ibo ló ń dùn ún. A ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ti fi àádọ́rin ọdún ṣọ́ ẹnu ará àdúgbò, bí àìsàn bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ohun mẹ́ta ló máa ń fi pamọ́: ìrora ẹ̀, gbèsè ẹ̀, àti ohun tó wù ú gan-an. Àwọn mẹ́ta yẹn náà ló sì máa ń da ilé rú lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ la ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ lọ̀rọ̀ ìwẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn kàn.

Ẹ bi dókítà fúnra yín

Dókítà á pe ọmọ sẹ́yìn, ọmọ á ní kí wọ́n má sọ fún màmá, màmá náà á sì ṣe bí ẹni tí kò fura. Gbogbo ilé á wá máa ṣe eré fún ara wọn títí ọjọ́ á fi lọ. Nígbà tí ẹ bá tún lọ rí dókítà, yálà ní ilé ìwòsàn Wẹ́sílì ní Iléṣà níbí tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀ (abẹ́ àkóso kan náà ni méjèèjì wà), ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Dókítà, èmi ni mo ni ara. Èmi ni kí ẹ sọ fún, kí ọmọ mi jókòó tì mí.”

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í: Ṣé àìsàn yìí ṣeé wò sàn, àbí ẹ kàn fẹ́ dá a dúró fúngbà díẹ̀? Tí mi ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe máa rí? Èló ni gbogbo ìtọ́jú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe èló ni tòní nìkan? Bí ìrora bá le lóru, ta ni ká pè? Kí ẹnì kan máa kọ ìdáhùn sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sọ ni etí tí ẹ̀rù ti dí kò ní gbọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ìtọ́jú tó le, kó gbà á. Ohun tí a ò fara mọ́ ni kí èèyàn máa gba abẹ́rẹ́ tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ ò fẹ́ kí ìlú sọ pé wọn ò náwó lé òbí wọn lórí. Ẹ̀yin lẹ lè sọ pé ó tó. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, kò sí ọmọ tó máa lè sọ ọ́ dípò yín, ojú á tì í.

Ìrora

“Ó sàn díẹ̀.” Ohun tí àgbà máa ń sọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn ti bo iwájú orí ẹ̀. Bí ẹnu bá wúwo láti ráhùn, ẹ fi ìka ọwọ́ sọ ọ́: ọwọ́ dídì ni kò sí ìrora rárá, ìka mẹ́wàá ni èyí tó burú jù. Kí ẹni tó ń tọ́jú yín máa béèrè láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú aago. Ìwé yẹn ni dókítà nílò. “Ó sàn díẹ̀” kò lè ràn án lọ́wọ́.

Parasitamọ́ọ̀ ni oògùn àkọ́kọ́: hóró méjì oní-500 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dáa tàbí tó ti rù gan-an kò gbọdọ̀ lò tó bẹ́ẹ̀, kí dókítà dín in kù fún un. Bí èyí kò bá ká ìrora mọ́, ẹ béèrè mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára, lọ́wọ́ dókítà. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti máa ń gbé ariwo: “Oògùn olóró!” “Oògùn tí wọ́n fi ń pa èèyàn!” Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń mu kì í ṣiṣẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ má dúró de ìgbà tí ìrora bá gòkè tán kí ẹ tó mu ún, torí ìrora tó ti gòkè máa ń gba oògùn púpọ̀ sí i kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Mọ́fíìnì máa ń dí inú. Bí wọn ò bá kọ oògùn tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ mọ́ ọn láti ọjọ́ kìíní, tó bá máa fi di ọjọ́ karùn-ún, inú á ti le bí òkúta, aláìsàn á sì sọ pé mọ́fíìnì ló ń pa òun. Ìtìjú ò ní jẹ́ kó sọ pé ìgbẹ́ ni, ẹ̀yin tó ń tọ́jú ẹ̀ ni kí ẹ bi í. Oorun tó ń kun èèyàn lọ́jọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀. Àmọ́ bí wọn ò bá lè jí i, tí èémí rẹ̀ sì ń falẹ̀ lẹ́yìn tó mu oògùn, kí wọ́n pe dókítà kíá. Ẹ má fi ọtí tàbí àgbo tẹ̀ lé e, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Kí wọ́n ti oògùn náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, torí àwọn ọmọdé inú ilé.

Ìwẹ̀

Ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ àgbà ju àìsàn lọ ni pé ẹlòmíì á rí ìhòòhò wọn. Ilé kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n á kàn ní kí ìyàwó ọmọ lọ wẹ bàbá, torí pé òun ló wà nílé. Àwọn méjèèjì á máa jìyà ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ní òun ò fẹ́ wẹ̀, wọ́n á ní ọpọlọ ẹ̀ ti ń lọ. Ẹ bi í ní kedere: “Bàbá, ta ni ẹ fẹ́ kó máa wẹ̀ yín?” Tó bá sọ pé àlejò tí wọ́n ń sanwó fún ló wu òun ju ọmọ òun lọ, kí ọmọ má bínú.

Abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ méjì lẹ máa lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi mímọ́. Ìgúnwọ́ ni kí ẹ fi dán omi wò, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tó ti yi. Aṣọ pélébé mẹ́ta: ti ojú, ti ara, ti abẹ́. Ìró méjì. Ẹ fi ìró kan bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kí ẹ wá máa ṣí ibi tí ẹ fẹ́ fọ̀ nìkan. Ẹ fọ apá kan, ẹ nù ún gbẹ, ẹ bò ó padà, kí ẹ tó ṣí èkejì. Tó bá kan abẹ́, ẹ ki aṣọ náà bọmi, ẹ fi sí i lọ́wọ́ lábẹ́ ìró, kí ẹ wá yí ojú sápá kan bí ẹni tó ń tún ìrọ̀rí ṣe. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà á ṣe ìwọ̀n tó bá lè ṣe. Bí kò bá mọ́ tó, ẹ padà parí ẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fọ ẹ̀yìn.

Lásìkò tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ yẹn, ẹ wo eegun ìdí, egungun ìbàdí àti gìgísẹ̀. Lára dúdú bíi tiwa, ẹ má wá pupa, ẹ ò ní rí i. Ibi tó dúdú ju àyíká ẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le lábẹ́ ìka, ni egbò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi òróró ra á, rírá á túbọ̀ ń ba ẹran abẹ́ ẹ̀ jẹ́. Ńṣe ni kí ẹ yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì, kí ẹ sì gbé gìgísẹ̀ kúrò lórí fóòmù.

Àlejò

Agbára òòjọ́ aláìsàn kò pọ̀, àlejò ló sì máa ń jẹ ẹ́ tán. Màmá á wé gèlè, á jókòó, á rẹ́rìn-ín, á bi wọ́n léèrè ọmọ wọn. Wọ́n á jáde, á ṣubú lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ. Ẹ mú wákàtí kan ṣoṣo lóòjọ́ fún àlejò, kó jẹ́ bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ bá mu oògùn ìrora, torí ìgbà náà ló ń ṣiṣẹ́ jù. Àga méjì péré ni kó wà nínú yàrá. Èyí kéré lójú, àmọ́ kò sí ohun tó ń lé èrò pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó o: ẹni tí kò ríbi jókòó á kí yín lóòró, á gbàdúrà, á sì jáde. Kí ẹnì kan tí ẹnu ẹ̀ dùn wà lẹ́nu ọ̀nà láti máa sọ pé, “Ẹ ṣeun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.” Kò ní di irọ́ tí ẹ bá di ojú yín.

Àwọn aládùúrà tó ń fi orin jí aláìsàn lóru, ẹ̀yin ni kí ẹ bá pásítọ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ. Bí ọmọ bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò nígbàgbọ́. Bí ẹ̀yin bá sọ pé, “Ẹ wá gbàdúrà fún mi láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sùn lóru,” kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn.

Ìwé mẹ́ta

Àkọ́kọ́, gbèsè. Ìjẹ̀ṣà la jẹ́, àwa ni wọ́n ń pè ní Òṣómàálò, nítorí àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn. Irú wa kò yẹ kó kú láìkọ gbèsè sílẹ̀. Àmọ́ ojú ayé kì í jẹ́ ká sọ pé a jẹ gbèsè. Ẹ ra ìwé ilé-ìwé lásán. Ojú ewé òsì, àwọn tó jẹ yín. Ojú ewé ọ̀tún, àwọn tí ẹ jẹ. Orúkọ, iye, ọjọ́, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé àjọ tí ẹ ti kó àmọ́ tí ẹ ò tíì dá tán, àti owó ìjọ tó ti gorí ara wọn, torí ìjọ míì máa ń béèrè ẹ̀ kí wọ́n tó sin èèyàn. Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: bí ẹ bá ṣe onídùúró fún ẹnì kan tó yá owó níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ di owó yín mú títí onítọ̀hún á fi san án. Ẹni tí ẹ bá ti fi gbèsè jì, ẹ kọ “mo ti fi jì í” sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yín á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ẹ ti tú sílẹ̀ lọ́kàn.

Èkejì, wíìlì. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tí àwọn kọ orúkọ ẹ̀ sí báńkì gẹ́gẹ́ bíi next of kin ló ni owó náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí báńkì máa pè nìyẹn, kì í ṣe ajogún. Báńkì á ti àkáǹtì náà pa títí wọ́n á fi mú ìwé kóòtù wá. Wíìlì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí ẹ buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú lójú yín. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni pé èèyàn á fi ọmọ tó máa jogún ṣe ẹlẹ́rìí. Wíìlì náà á dúró, àmọ́ ọmọ yẹn á pàdánù ohun tí wọ́n fún un, bó sì ṣe rí náà nìyẹn tó bá jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ ló ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ẹ ò bá mọ̀wé, kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé wọ́n kà á, pé ó yé yín, kí ẹ tó tẹ̀ka. Ẹ fi ojúlówó ẹ̀ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún ní kóòtù gíga. Ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé fi sínú wíìlì, kì í ṣe tiyín nìkan.

Bí kò bá sí wíìlì, àṣà ló máa pín in fún ẹni tó ṣègbéyàwó ìbílẹ̀. Ìdí-igi ni pínpín lórí iye ìyàwó tó bímọ, orí-ò-jorí ni pínpín lórí iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, ní 1962, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà wa, pé orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá fẹ́ fi parí ìjà. Lábẹ́ àṣà yìí, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyáálé yín máa gbé ilé tó bá yín kọ́, ẹ kọ ọ́. Kí Mùsùlùmí tó fẹ́ kí wọ́n pín ogún òun bí ẹ̀sìn ẹ̀ ṣe wí rántí pé gbèsè ló ṣáájú, pé ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni èèyàn lè fi tọrẹ, pé kì í ṣe fún ẹni tó ti jẹ́ ajogún tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìsìnkú. Ẹ má kọ ọ́ sínú wíìlì nìkan. Wíìlì sábà máa ń jẹ́ kíkà lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú tán, wọ́n á sì ka “ẹ má ṣe pa màlúù” nígbà tí egungun màlúù ti wà lákìtàn. Ìwé ọ̀tọ̀ ni, kó wà lọ́wọ́ ẹni méjì. “Ẹ ṣe é níwọ̀nba” kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n àkọ́bí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ sí ìwọ̀n àbíkẹ́yìn tó ń ta ọjà ní Àtàkúnmọ̀sà, àbíkẹ́yìn ló sì máa yá owó kó lè bá wọn dọ́gba. Ẹ kọ iye: ọjọ́ mélòó ní mọ́ṣúárì, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbowó ẹ̀. Màlúù tàbí kò sí màlúù. Aṣọ ẹbí tàbí kò sí. Iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá kọjá. Àti ibi tí wọ́n máa sin yín sí: ilé tí sàárè bá wà lójúde ẹ̀ kì í rọrùn láti tà mọ́, bí ọmọ bá tilẹ̀ ń ṣàìsàn tó nílò owó.

Ọ̀rọ̀ tó kù

“Ẹ ò ní kú!” “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Wọ́n á fi àdúrà pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ ṣàmín, kí ẹ wá tẹ̀ síwájú: “Àmín o. Àmọ́ tí mo bá lọ ilé, abẹ́ pákó kejì ni ìwé wà.” Ẹ má kọ́kọ́ bá gbogbo ẹbí sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ojú ẹ̀ le díẹ̀, tí kì í tètè sunkún. Àbúrò tàbí ìyàwó ọmọ sábà máa ń dáa fún un ju ọmọ lọ. Lẹ́yìn náà àkọ́bí, òun nìkan, kí ìpàdé ẹbí tó wáyé. Àkọ́bí tó bá gbọ́ ọ lójú àwọn àbúrò ẹ̀ máa rò pé wọ́n ti gba ipò òun, á sì lòdì sí ohun tí ì bá fara mọ́ ká ní òun nìkan lẹ sọ ọ́ fún ní yàrá.

Bí ọmọ bá wà níta tí ilé kò mọ̀, ìgbà yìí ni kí ẹ sọ ọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 42, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn dù ú ní nǹkan kan. Ọmọ náà máa wá lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dájú. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni bóyá ìyàwó yín á gbọ́ ọ lẹ́nu yín, tàbí lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn lábẹ́ àtíbàbà.

Ìdáríjì ló le jù, torí àgbà kì í bẹ ọmọdé. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ fi oríkì ẹ̀ pè é. “Àjọkẹ́. Ọjọ́ tí mo ní kí o má fẹ́ ẹni tó wù ọ́ yẹn, ohun tí àwọn èèyàn máa sọ ni mò ń rò. Má bínú.” Ó tán. Ẹ má ṣàlàyé, àlàyé ló máa ń sọ ẹ̀bẹ̀ di ẹjọ́. Bó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Fún ẹni tó jókòó tì í

Ó máa dé ọjọ́ tí kò ní fẹ́ jẹun mọ́. Ẹ má fi tipá fún un ní ọ̀gì, á gba ọ̀nà ọ̀fun kejì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ara tó ń lọ kò nílò oúnjẹ, àìjẹun kọ́ ló ń pa á. Kí ẹ fi òwú tó tutù nu ẹnu àti ahọ́n ẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì, kí ẹ fi fasilíìnì pa ètè ẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Èémí á máa dúró, á tún máa bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń hó, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orí ẹ̀ ga díẹ̀. Ariwo yẹn ń bà yín lẹ́rù jù bó ṣe ń dun òun lọ. Ẹ má sọ̀rọ̀ owó pósí létí ibùsùn, ó ṣeé ṣe kí etí ṣì máa gbọ́ nígbà tí ojú ti pa dé. Oríkì ẹ̀ ni kí ẹ máa kì, jẹ́jẹ́.

Tó bá ti parí, ẹ wo aago, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pa ojú ẹ̀ dé, kí ẹ fi ìka dì í mú díẹ̀. Ẹ fi ọ̀já aṣọ funfun gba abẹ́ àgbọ̀n dé àtàrí, ẹ so ó, torí láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ojú àti àgbọ̀n ló sì máa ń kọ́kọ́ le. Ẹ na apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọọrọ. Ẹ wọ aṣọ mímọ́ fún un. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́ kíákíá, torí wọ́n fẹ́ sin ín láìpẹ́. Fún àwọn yòókù, ìkánjú kò sí. Ẹ jókòó tì í díẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sunkún sun ún. Nígbà náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù, kí ẹ pe àkọ́bí.